Etí Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Gbọ́rin Mọ́ n'Íbàdàn

Bí orin tuntun bá jáde lónìí, kó o tó ráyè béèrè bóyá ó dùn, ọmọ Bódìjà ti sọ iye tó ti ṣe, ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún ọ. "Ẹ̀gbọ́n, mílíọ̀nù méjì láàárín ọjọ́ méjì!" Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò tíì gbọ́ orin náà dé ìdajì o. Bi í pé kí ni olórin ń wí nínú rẹ̀, á ní ìyẹn kọ́ làwọn ń sọ.

Ayé ti yí, mi ò bá ayé jà. Rẹ́kọ́ọ̀dù lọ, kásẹ́ẹ̀tì lọ, síídì tí wọ́n ń pàtẹ ní Dùgbẹ̀ náà tẹ̀lé wọn. Áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló rọ́pò wọn: Boomplay bá fóònù Tecno wọlé, Audiomack ń bẹ, Apple Music wà fún àwọn oní-iPhone, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2021, Spotify gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà, 900 náírà lóṣù nígbà yẹn. Èèyàn lè jókòó sí Ọjà'ba kó máa gbọ́ orin gbogbo ayé. Ohun tó dáa ni, mi ò ní torí ẹ̀fẹ̀ ba ohun tó dáa jẹ́. Àmọ́ bí orin gbogbo ayé ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́ tán báyìí, a ò gbọ́ ọ mọ́. A ń kà á ni.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní Wrapped. Bí ọdún bá ń lọ sópin, Spotify á ṣírò gbogbo orin tó o gbọ́, á kó o sínú àwòrán aláràbarà, á gbé e fún ọ kó o lè gbé e sórí status WhatsApp. Eré ni wọ́n pè é. Àwa n'Íbàdàn ti sọ ọ́ di WAEC. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Akobo tó ti ń múra ìdánwò yìí láti oṣù Kẹjọ. Ọmọ fújì ni. Fújì ni wọ́n fi kó o jáde, fújì ni wọ́n fi gbé e níyàwó. Bí Saheed Osupa bá ti pòwe kan báyìí, ẹni tá à ń wí yìí á di orí mú, á ní, "Ọ̀gá ti sọ ọ́!" Ṣùgbọ́n ó ti gba iṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kò sì fẹ́ káwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lóṣù Kejìlá pé orin kìíní, Osupa, ìkejì, Osupa, ìkẹta, Pasuma, ìkẹrin, ẹ padà sọ́dọ̀ Osupa. Torí náà, fújì tirẹ̀ ń gbé inú mẹ́mọ́rì káàdì, níbi tí ojú Spotify ò tó. Tó bá di alẹ́, á tan jazz sílẹ̀ lórí Spotify, á fi ìrọ̀rí bo fóònù, á sùn. Kò mọ ẹni tó ń fun fèrè níbẹ̀. Fóònù ló ń gbọ́ jazz, ọmọkùnrin yìí ló sì máa gba ìwé ẹ̀rí.

Lọ́dún 2025, wọ́n tún gbé ọ̀tun dé: Wrapped bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọjọ́ orí etí rẹ, ó ń wo ìgbà tí àwọn orin tó ò ń gbọ́ jáde, ó sì ń ti ibẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ orí. Bí àwọn ọmọ wa ṣe rí i pé etí àgbà ló níyì, olúkúlùkù fẹ́ darúgbó. Ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan gba ọdún 74, ló bá gbé e sójú ayé pẹ̀lú adé lórí. Ìyá àgbà ilé wọn ní Bẹẹrẹ, tó jẹ́ ẹni ọdún 71, ní kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ fóun. Wọ́n kà á. Màmá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ni n ó máa kúnlẹ̀ kí i nígbà náà." Wọ́n ní kí arúgbó tuntun yìí dá ẹsẹ orin kan péré nínú àwọn orin tó fi dàgbà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun tan dátà ná.

Àwọn tó ń ṣe tiwọn fún ara wọn ṣì sàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé olówó ni wọ́n ń bá ṣe é. Nígbà tí orin Rema àti Selena Gomez kọjá bílíọ̀nù kan lórí Spotify lọ́dún 2023, inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni gbogbo ọmọ lẹ́yìn olórin ti rò pé bílíọ̀nù ọ̀gá tòun, ọrùn òun ló wà. Ní òru tí àwo tuntun bá máa jáde, wọ́n á ti pé sórí WhatsApp. Wọ́n á pín iṣẹ́: ìwọ mú Spotify, ìwọ mú Apple Music, ẹ̀yin tí fóònù yín ti gbó, ẹ mú YouTube. Òfin kìíní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fo orin kó tó pé ìṣẹ́jú-àáyá 30, torí pé bí kò bá pé 30, Spotify ò ní kà á. Òfin kejì, èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n ara wọn ṣe: ẹ má pa ohùn rẹ̀ tán o, ẹ fi bíńtín sílẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà fura. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọ yìí náà ló figbe ta lóṣù Kìíní ọdún 2025 nígbà tí àjọ NCC gbà káwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá 50 nínú 100 lé iye tí wọ́n ń gbà. Wọ́n ní ìyà pọ̀ nílùú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lóru ọjọ́ tí àwo jáde, iná lọ, wọ́n bu bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n ra dátà tó yẹ kó jẹ́ àmàlà, gbogbo rẹ̀ kí fóònù lè máa kọrin fún àga. Olórin ń sùn ní Lẹ́kkì ní tirẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, tí orin bá bọ́ sí ipò kìíní, wọ́n á máa lọgun pé, "A ti gbé wọn ṣubú!" Àwọn wo? Àwọn ọmọ Challenge tí àwọn náà ò fojú ba oorun, tí wọ́n ń ti olórin mìíràn lẹ́yìn.

Bàbá tó bí wọn náà náwó fún olórin, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, olórin á wolẹ̀ fún un. Á dárúkọ bàbá rẹ̀, á dárúkọ ìyá rẹ̀, á pe ìyàwó rẹ̀ ní adúmáadán, kódà bó jẹ́ pé ìjà ni wọ́n jà kí wọ́n tó jáde nílé. Ẹni tó fi dátà náwó, ta ní kì í? Àǹfààní kan péré tí mo rí nínú ìnáwó tuntun yìí ni pé òfin CBN ti ọdún 2007, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa ná náírà lé èèyàn lórí lójú agbo, kò dé ọ̀dọ̀ dátà. EFCC ò lè rí wọn mú. Spotify ló ń lé wọn, torí láti ọdún 2024 ló ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó bá gbé orin tí wọ́n fi ayédèrú kún iye rẹ̀ wá.

Àwọn olórin tiwa ni mo tiẹ̀ káàánú jù nínú ìṣírò yìí. Nígbà tí àwo ṣì jẹ́ àwo, ojú kan rẹ̀ a máa tó ogún ìṣẹ́jú, orin kan ṣoṣo sì lè gba ojú náà tán. Dàúdà Epo Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn tó fi awúrebe jẹun, kì í kánjú. Haruna Ishola ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìkánjú rárá. Olórin á kọ́kọ́ kí Ọlọ́run, á kí àwọn àgbà, á wá kí alága ẹgbẹ́, akọ̀wé, akápò, àti ẹni tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kó wọn wá. Kó tó kan ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ gan-an, ìlù ti gbóná, ẹlẹ́mu ti bu ìkejì.

Ẹ wá gbé irú orin bẹ́ẹ̀ lọ fún Spotify. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, oní-fújì ò tíì sọ "Bísímílàhì" délẹ̀. Wọ́n ti kà á. Bó wá kọ ogún ìṣẹ́jú tó kù, tí onígángan fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, ẹyọ kan náà ni. Ọmọ tó kọ orin ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀, ẹyọ kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: kí bàbá tó sọ̀ kalẹ̀ lórí orin kan, ọmọ ti ka mẹ́jọ sápò. Láti ọdún 2024 ni wọ́n tún ti fi kún un pé orin tí iye rẹ̀ ò bá pé 1,000 láàárín oṣù méjìlá, wọn ò ní sanwó kankan lórí rẹ̀. Àwọn àwo àpàlà tó jẹ́ pé àwọn bàbá méje kan ní Òkè-Àdó ló ṣì ń fi wọ́n pe oorun, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn ń kọ báyìí.

Àwọn olórin ìwòyí ti gbọ́n. Wọ́n ti yọ ìbà dànù. Ègbè ló ń kọ́kọ́ fò jáde, bí orin bá sì ti ń dùn mọ́ni, ó ti tán. Ó ti wá ran àwọn DJ. Níbi ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road, DJ ò jẹ́ kí orin kankan dé ẹsẹ kejì. Bàbá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ ijó, ó tẹ̀ ba, ó ń rọra lọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpàlà ṣe fẹ́. Kó tó gbé ìdí dìde, orin ti yí padà nígbà mẹ́ta. Amapiano ló bá lókè.

Bí àwọn yẹn ṣe ń sá fún orin gígùn, àwọn olówó Jẹ́ríkò tún dé pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù lábíyá. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, iye rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà ju ti síídì lọ, mílíọ̀nù 41 sí mílíọ̀nù 33, irú rẹ̀ ò sì ṣẹlẹ̀ mọ́ láti ọdún 1987. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Luminate, ilé iṣẹ́ tó ń ṣírò ọjà orin níbẹ̀, sọ lọ́dún 2023 pé ìdajì péré nínú àwọn tó ń rà á ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi gbọ́ ọ. Nígbà tí ìròyìn yìí dé Ìbàdàn, ó bá wa lára mu gan-an. Ilé tọkọtaya kan ń bẹ, ẹ wọ pálọ̀ wọn, ẹ ó bá Obey lára ògiri, Barrister lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sunny Ade lókè tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn nínú férémù onígíláàsì. Tẹ́ ẹ bá béèrè pé báwo lẹ ṣe ń gbọ́ wọn, wọ́n á ní lórí Spotify ni. Àwo yìí kan náà ni wọ́n fi bo kòkò omi ní ẹ̀yìnkùlé bàbá ìyàwó.

Mi ò sọ pé àwọn bàbá wa àtijọ́ ò ṣe fáàrí o. Fáàrí ni wọ́n fi ra gíramafóònù. Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sójú títì, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé owó kòkó ti wọlé. Ṣùgbọ́n fáàrí tiwọn ní ohùn. Àlejò gbọ́, ọ̀tá gbọ́, ẹni tó jẹ wọ́n lówó tí ò fẹ́ kí wọ́n rí òun jó kọjá.

Ìyẹn mú mi rántí ètò ẹlẹ́bí tí Spotify ń tà: èèyàn mẹ́fà, abẹ́ òrùlé kan náà. Àwọn tó ń lò ó nílùú wa, ọ̀kan ń gbé Apata, ọ̀kan Ọ̀jọ́ọ̀, ìkẹta wà ní Ìlọrin, ẹni tó ń san owó rẹ̀ ò mọ ojú ìkarùn-ún. Agboolé tó jẹ́ pé òótọ́ ni ọgọ́ta èèyàn ń gbé abẹ́ òrùlé kan, lẹ́yìn Mápó, kò sẹ́ni tó polówó fún wọn.

Ẹni tó mọ òkodoro gbogbo rẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Ìwó Road pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àgbéká rẹ̀, tó ń bá àwọn onímáíkírà, ìyẹn àwọn onítakisí ìlú wa, kó orin sínú mẹ́mọ́rì àti fíláàṣì. Olórin ò rí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ò sì dáa. Ṣùgbọ́n oníbàárà tiẹ̀ ń gbọ́ orin o, torí orúkọ olórin ni wọ́n ń dá, wọn kì í bi í ní iye tó ti ṣe. Àfi lọ́jọ́ tí ọkọ onílé férémù wọ̀nyẹn páàkì ọkọ̀ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣílé, àlejò sì ti ń béèrè pé orin wo ló wà nínú àwọn àwo ara ògiri. Ó yọ fóònù, ó fi fọ́tò ògiri rẹ̀ han ọmọ náà, ó ní, "Bàbá tó wọ agbádá yìí, àti èyí tó gbé gìtá dání, bá mi wá wọn."

Ọmọ náà wá wọn jáde, ó ń kó wọn sí fíláàṣì.

Ọ̀gá ní, "Má kó gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ti tó."