Òkè Kamẹrúùnù kì í ṣe òkè sílípáàsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní òkè Kamẹrúùnù ò jìnnà sí òkun, pé ooru ni títí dé orí rẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì ti tó láti fi gùn ún, fẹ́ kó yín sí wàhálà. Lóòótọ́ ooru ń mú ní Limbe létí òkun. Ṣùgbọ́n òkè yẹn ga ju 4,000 mítà lọ! Lókè ńbẹ̀, atẹ́gùn á máa gé ni létí, òtútù òru sì lè sọ omi di yìnyín. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, torí àpáta tí iná òkè náà tú jáde mú bí abẹ. (Ó ṣì ń yọná o, ó yọ ní 1999 àti 2000.) Láti Buea, ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà, ni ẹ ó ti gba amọ̀nà. Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì ló dára. Oṣù Keje kọ́, òjò ibẹ̀ kì í ṣe eré.