Àtúnṣe lórí èsì ìṣirò àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ láàárín àwa òbí tó wà ní Amẹ́ríkà, pé ìdánwò NAEP (ìdánwò ìjọba àpapọ̀ tó ń wọn ìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Amẹ́ríkà) ti ọdún 2022 fi hàn pé ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ni kò mọ ìṣirò kíláàsì wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìdá 26 péré ló dé ìpele Proficient, ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà ti ṣàlàyé pé ìpele yìí kì í ṣe òṣùwọ̀n ohun tó tọ́ sí kíláàsì ọmọ. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ló ń wọ̀n. Àwọn tí kò dé ìpele Basic, ìyẹn ìpele ìpìlẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, jẹ́ ìdá 38. Ìyẹn náà dùn mí gan-an, nítorí ìpíndọ́gba máàkì já wálẹ̀ láti 282 lọ́dún 2019 sí 274.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó ṣí nationsreportcard.gov, kó sì ka iye tó wà fún ìpele méjèèjì lọ́dún 2022. Ìdánwò yìí kì í fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, nítorí náà olùkọ́ ọmọ yín ni kí ẹ bi.

Ìfẹ́ ọmọ ló mú kí ọ̀pọ̀ pín ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí i.