Igi kédárì kọ́ ni ká tẹ́ fún ejò
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká máa tẹ́ èérún igi kédárì sínú àpótí ejò tí à ń sìn nílé torí pé òórùn rẹ̀ ń lé kòkòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró inú igi náà ló ń ta sánsán yẹn, òun náà ló sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró ejò jẹ́. Inú àpótí tó pa dé ló ń gbé; ibo ló fẹ́ sá sí? Èérún igi aspen dára fún corn snake, irú ejò kan tó fẹ́ràn ibi gbígbẹ tó lè rá wọ̀. Ti ball python, irú òjòlá kékeré kan, yàtọ̀: ọ̀rinrin ló ń fẹ́, aspen tó bá sì tutù á bu. Èèpo àgbọn lílọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́ fún un. Ìwé ìròyìn lásán náà ṣe é lò, bí kò tilẹ̀ rẹwà.