Ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló gbé ìdí mọ́tò yín ró

Bí ìdí mọ́tò bá ti ń wọlẹ̀, tí sàlẹ́ńsà ń ha títì níbi gbogbo tí wọ́n bá ṣe bọ́m̀pù sí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Ṣọ́ọ̀kì ẹ ti kú." Awakọ̀ á sọ ọ́, mẹkáníìkì á sọ ọ́, ẹni tó kàn wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ náà á dá sí i. Olówó mọ́tò á gba Ládípò, ọjà ohun èèlò mọ́tò l'Ékòó, lọ, á ra méjì, wọ́n á bá a dè é, ìdí mọ́tò á sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ọjà la wí. Ṣùgbọ́n ká ní ojúlówó ni, kò ní gbé e sókè náà.

Sípíríǹgì ló ń ru mọ́tò. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni pé kó má jẹ́ kí sípíríǹgì máa jó lọ lẹ́yìn tí táyà bá ti kó sí kòtò. Ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú písítìnì kan tó ní ihò tín-ín-rín lára. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ń wọlé tàbí tó ń jáde, ọ́ìlì á máa fi tipátipá gba inú ihò yẹn kọjá, agbára tí ì bá mú mọ́tò máa fò sókè-sódò á sì di ooru. Bí mọ́tò bá wá dúró sójú kan, ọ̀pá ò rìn, ọ́ìlì ò rìn. Kí ni ṣọ́ọ̀kì fẹ́ fi gbé nǹkan?

Ẹni tó bá ń jiyàn, kó gba ṣọ́ọ̀kì tuntun kan lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́, èyí tí kì í ṣe oní-gáàsì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi gáàsì kún ọ́ìlì inú rẹ̀. Kó nà án ró sílẹ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ orí ọ̀pá rẹ̀. Á wọlé, díẹ̀díẹ̀. Kó wá gbé ọwọ́ kúrò: ibi tó bá a dé ló máa dúró sí. Ohun tí ọwọ́ lásán lè tẹ̀ wọlé, ṣé òun náà ló máa ru ìdí mọ́tò àti àpò ìrẹsì mẹ́ta nínú búùtù? Ti oní-gáàsì máa ń fúnra rẹ̀ jáde padà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń jáde kì í sábà ju ti ẹrù kílò 20 sí 30 lọ. Ojú lásán lè má rí i lára mọ́tò.

Mọ́tò tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lójú tèmi ni Volkswagen Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́nà Àgbádárìgì l'Ékòó ní 1975. Ẹ wo abẹ́ ìdí rẹ̀. Kò sí sípíríǹgì oníkákò, kò sí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra bíi ti tírélà. Ṣọ́ọ̀kì nìkan lojú ń rí. Ta ló máa wo èyí tí kò ní sọ pé ṣọ́ọ̀kì ló gbé e ró?

Sípíríǹgì wà níbẹ̀ o, wọ́n fi pamọ́ ni. Páìpù ńlá kan dábùú abẹ́ mọ́tò níwájú gíábọ́ọ̀sì, irin gbọọrọ méjì ló sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n gé eyín sí orí irin kọ̀ọ̀kan: eyín 40 ní ìhà inú, tó há sí àárín páìpù, eyín 44 ní ìhà òde, tó há sára irin pẹlẹbẹ kan tó nà sẹ́yìn lọ di ẹsẹ̀ táyà mú. Bí táyà bá lọ sókè, irin pẹlẹbẹ á yí, irin gbọọrọ á sì lọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù. Lílọ́ yẹn ni sípíríǹgì.

Iye eyín yẹn, wọn ò ṣèèṣì fi ṣe ogójì àti mẹ́rìnlélógójì. Eyín kan ní ìhà inú jẹ́ dígírì 9. Eyín kan ní ìhà òde kò ju dígírì 8.2 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi eyín kan ṣoṣo sún ìdí mọ́tò, á fò sókè tàbí sódò jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ìhà inú ní eyín kan síwájú, tí ẹ dá ìhà òde padà ní eyín kan, dígírì 0.8 péré ló máa kù láàárín wọn, táyà á sì sún ní díẹ̀ ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọn ìdí Ìjàpá sókè sódò, ẹni tó ronú kàn án ò fi orí ṣeré rárá. Kò síbi tí ṣọ́ọ̀kì ti dá sí i. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kánjú: irin ọ̀tún àti tòsì kò ṣeé pààrọ̀ fúnra wọn, irin pẹlẹbẹ yẹn sì ká agbára sára débi pé, bó bá ré bọ́ níbi tó sinmi lé, ó lè kán èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Mo rò pé àwọn mọ́tò bíi Camry ló fà á. Nínú Camry Big Daddy, sípíríǹgì ẹ̀yìn jókòó lé orí ṣọ́ọ̀kì ni, wọ́n so pọ̀. Bí mẹkáníìkì bá ra odidi rẹ̀ tòkunbọ̀ tó sì dè é, ìdí mọ́tò á gbéra, gbogbo èèyàn á sì pàtẹ́wọ́ fún ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì tó bá a wá ló ṣiṣẹ́. Àwọn mọ́tò kan sì wà tí ṣọ́ọ̀kì wọn ń gbé ìdí sókè ní tòótọ́, bí àwọn Volvo tó lo Nivomat, tó ń fa ara rẹ̀ sókè bí mọ́tò bá ti ń rìn pẹ̀lú ẹrù. Olówó irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń mọ̀, nítorí owó rẹ̀ á ti dùn ún.

Ṣọ́ọ̀kì máa ń kú o, n kò ní kì í kú. Ẹ óò rí ọ́ìlì lára rẹ̀, mọ́tò á máa jó lẹ́yìn kòtò, táyà á sì máa jẹ ní gbágun-gbàgun. Wíwọlẹ̀ kò sí nínú àmì wọ̀nyẹn.

Bí ìdí bá wọlẹ̀, ẹ gbé mọ́tò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí búùtù ṣófo, kí ẹ wọn ìdí rẹ̀ láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ táyà lè tàn yín. Ẹ wo bóyá sípíríǹgì ti kán nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń jẹ jù. Ti rọ́bà tí wọ́n ń ki sáàárín kákò sípíríǹgì, ọgbọ́n àìlówó ni. Ó ń gbé mọ́tò sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ kákò kan di aláìṣiṣẹ́, ó wá di ẹrù rẹ̀ ru àwọn yòókù títí ọ̀kan á fi kán.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì kì í fẹ́ kí èèyàn bá wọn sọ: àwọn bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn páìpù irin kékeré tó ní rọ́bà nínú, tó wà lórí apá irin tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ ara mọ́tò. Rọ́bà inú ọ̀pọ̀ wọn lẹ̀ mọ́ irin inú àti irin òde, kì í yí, lílọ́ ló ń lọ́. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí mọ́tò wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ ń fì nílẹ̀, rọ́bà yẹn á lọ́ bí mọ́tò bá ti délẹ̀, kó tó rìn rárá. Á máa ti ìdí mọ́tò sókè, olówó á máa dúpẹ́, títí rọ́bà á fi ya. Kí wọ́n kọ́kọ́ ki bọ́ọ̀tì wọlé, kí nọ́ọ̀tì ṣì dẹ̀, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kí wọ́n mì ín lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni kí ọmọ iṣẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà, kó fún un pa.