Kí Python kọ́ bí a ṣe ń ka lẹ́tà wa

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń kọ kóòdù, ẹ ṣí Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ len("Ọ̀ṣun") sí i. len ló ń sọ gígùn ọ̀rọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, 5 ni yóò dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ wá ní kó kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú, "Ọ̀ṣun"[::-1], ẹ ó rí i pé àmì ohùn ti kúrò lórí Ọ, ó ti bọ́ sórí ṣ. Ṣ kì í sì í gba àmì ohùn lédè wa.

Mo fẹ́ràn Python gan-an. Láti 1991 tí Guido van Rossum ti gbé e jáde, mi ò tíì rí èdè kóòdù tó gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mọ́ra tó o. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí.

Unicode, ètò àgbáyé tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún é ní àyè tirẹ̀, ìyẹn ni "ilé" fi ń jẹ́ 3 bó ṣe yẹ. Ọ náà ní àyè tirẹ̀. Àmọ́ ọ tó ní àmì ohùn lórí kò ní. Lẹ́tà dá wà, àmì dá wà, ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń pàdé. Ohun tó wà nínú àpò ni Python ń kà, kì í ṣe ohun tí ojú wa ń rí.

Ìpalára rẹ̀ kò kéré. Fóònù kan lè kọ Ṣ ti Ṣadé ní odidi, kí òmíràn kọ S, kó wá fi àmì sí i lábẹ́. Ẹ fi ==, tó ń wò bóyá nǹkan méjì bára mu, wò wọ́n, False (irọ́) ni. Tó bá jẹ́ orúkọ aláìsàn ní ọsibítù ńkọ́? Wọ́n á wá a, ẹ̀rọ á ní kò sí, wọ́n á ya káàdì tuntun fún ẹni tó ti ní fáìlì tẹ́lẹ̀. Bí a bá sì to orúkọ pẹ̀lú sorted(), Ẹniọlá á wà lẹ́yìn Yétúndé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Python mọ ọ̀nà àbáyọ. Ẹ sọ fáríábù yín (orúkọ tí ẹ fi ń pe nǹkan nínú kóòdù) ní ọjọ́_orí: bó ti wù kí kíbọ́ọ̀dù to àwọn àmì yẹn, ọ̀kan náà ni yóò kà á sí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú string (ìyẹn láàárín àmì " ") ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún, àfi kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pe unicodedata.normalize, tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà kọ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́?

Mi ò ní kí àwọn tó ń ṣe Python yí == padà o; kóòdù tó gbára lé e ti pọ̀ jù. Ohun tí mo fẹ́ ni ọ̀nà kan lára str (orúkọ tí Python ń pe string) fúnra rẹ̀ tí yóò ka lẹ́tà bí èèyàn ṣe ń kà á. Swift, èdè kóòdù mìíràn, ń ṣe é: .count tirẹ̀ á sọ 4 fún Ọ̀ṣun.

IDLE, ojú ibi tí a ti ń kọ kóòdù Python, ńkọ́? Òun ló ń bá Python wá lórí Windows, kò nílò dátà, laptop tí kò lágbára ń gbé e, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó máa fi hàn wá ohun tó wà nínú lẹ́tà tí a bá yàn. Kí nọ́ńbà ìlà sì wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, dípò kó sá pamọ́ sínú Options, nígbà tí error bá ń pariwo ìlà 14. Wọ́n lè ṣe é: láti ẹ̀dà 3.10, téèyàn bá gbàgbé kólọ́ọ̀nù, Python ń sọ fún un ní tààrà pé expected ':'. Wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé láti 3.15, UTF-8 (ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà Unicode sínú fáìlì) ni open(), tó ń ṣí fáìlì, yóò máa lò láìjẹ́ pé a sọ fún un. Títí dìgbà náà, ẹ máa kọ encoding="utf-8" o, pàápàá lórí Windows.

Mo ń kó àpẹẹrẹ jọ láti fi gbe àbá yìí lẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi kọ tiyín sísàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí kíbọ́ọ̀dù yín ń fi ìlà kékeré (U+0329 ni nọ́ńbà rẹ̀ ní Unicode) sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó. Normalize pàápàá kì í so ìyẹn pọ̀ mọ́ tiwa.