Ẹ má tíì lé òṣìṣẹ́ yín nítorí AI

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá níbi ìpàdé àwọn olówò kan. Ọ̀gá kan dìde, ó ní ilé-iṣẹ́ tí kò bá tíì dín òṣìṣẹ́ kù nítorí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ bí ènìyàn, ti ń kú lọ, kò kàn tíì mọ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́ báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ibo ni wọ́n já sí?

Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n.

Klarna, ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan ní Sweden, ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Klarna kéde pé ẹ̀rọ tó ń dá oníbàárà lóhùn ti ń ṣe iṣẹ́ tó tó ti èèyàn 700, àti pé láàárín oṣù kan péré, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ mílíọ̀nù 2.3 ló ti bójú tó. Ìròyìn yẹn káríayé. Èyí tí wọn kì í sọ ni ti oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Sebastian Siemiatkowski, ọ̀gá àgbà wọn, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn ti gbájú mọ́ dídín owó kù jù, iṣẹ́ náà ò sì dára tó bó ṣe yẹ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn, kí oníbàárà tó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lè rí ẹni bá sọ ọ́. Ìdajì ìtàn làwọn tó ń fi Klarna dẹ́rù bà yín ń sọ.

Commonwealth Bank ní Ọsirélíà náà tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2025, wọ́n ní àwọn ò nílò ipò iṣẹ́ 45 mọ́, torí ẹ̀rọ ni yóò máa gbé ìpè oníbàárà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé ẹjọ́ lọ, wọ́n ní ìpè ń pọ̀ sí i ni, débi pé àwọn aṣáájú ẹ̀ka fúnra wọn ló ń gbé fóònù. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, báńkì náà gbà pé àwọn ò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n fagi lé ìpinnu náà, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Ti Air Canada, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, ló yẹ kó ba ọ̀gá èyíkéyìí lẹ́rù jù. Ẹ̀rọ orí ìkànnì wọn sọ fún oníbàárà kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú pé kó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó tó wá béèrè ẹ̀dínwó ọ̀fọ̀ lẹ́yìn náà. Irọ́ ni, òfin ilé-iṣẹ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní British Columbia ní Canada, ohun tí wọ́n fi gbèjà ara wọn ni pé ẹ̀rọ náà ló ni ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀ jálẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà sanwó. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin lẹ sì máa sanwó èyí tó bá fọ́, ẹnu yòówù kó ti jáde.

Èmi fúnra mi ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, nígbà tí àwọn ọ̀gá dín wa kù tí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá. Lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ ni obìnrin kan tá a máa ń pè ní Àǹtí. Tí ẹ̀sùn bá wọlé pé owó jáde lẹ́ẹ̀mejì, aago tí owó náà jáde ni Àǹtí á kọ́kọ́ wò. Tó bá bọ́ sí nǹkan bí aago méjìlá òru, ó mọ̀ pé ìgbà tí báńkì ń pa ìwé ọjọ́ dé ni, owó náà á padà fúnra rẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀sán gangan, á pe ẹni tó ń bójú tó ìṣirò owó lójú ẹsẹ̀, torí irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dá padà wá. Kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn kan náà ló ń fún gbogbo èèyàn: ẹ dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Àwọn èèyàn dúró, owó ò padà, wọ́n gbé ìbínú dé. Àwa tó ṣẹ́ kù la wá ń ka gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tá a sì ń bẹ oníbàárà.

Àwọn tó ń polówó AI á ní ẹ̀rọ kì í sùn, kì í gbowó oṣù. Ó ń gba owó mìíràn, ẹ lọ bi akọ̀wé owó yín. Wọ́n á ní àwọn tó ń bá wa díje ti bẹ̀rẹ̀. Klarna náà bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí AI ti ń mú èrè wá gan-an ò fara sin. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Erik Brynjolfsson, Danielle Li àti Lindsey Raymond, tọpa òṣìṣẹ́ 5,179 tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́, tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ tó ń dábàá èsì fún wọn. Ní ìpíndọ́gba, iṣẹ́ tí wọ́n ń yanjú ní wákàtí kan fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ti àwọn tuntun tí ọwọ́ wọn ò tíì mọ́lẹ̀ tó ìdá 34. Àwọn àgbà iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ rí àfikún, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni ẹ̀rọ náà ti kọ́ ohun tó ń kọ́ àwọn tuntun. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, ẹ̀yin ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá wá lé àwọn tó mọṣẹ́ lọ, ta ni ẹ̀rọ yín fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?

Mo gbà pé AI ń gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ èèyàn lóòótọ́, mi ò sì lè búra fún ọdún mẹ́wàá sí i. Ṣùgbọ́n Geoffrey Hinton, ọ̀kan lára àwọn àgbà onímọ̀ tó ṣe ìpìlẹ̀ AI, tí ìmọ̀ rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì, sọ lọ́dún 2016 pé kí wọ́n má kọ́ dókítà tó ń ka àwòrán inú ara mọ́, pé láàárín ọdún márùn-ún ẹ̀rọ á ju wọ́n lọ. Àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ṣì ń wá wọn títí di òní.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ wọn bó ṣe ń lọ sí kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ dé ibẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ náà sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ yan ẹni tí yóò máa yẹ èsì rẹ̀ wò, kí oníbàárà sì mọ ibi tó ti lè rí ènìyàn. Tí ẹni tó ń tà á bá wá gbé ìwé àdéhùn síwájú yín, ẹ bi í pé ta ni yóò sanwó bí ẹ̀rọ yìí bá ṣèlérí tí kò yẹ fún oníbàárà, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.