Fàdákà kọ́ ló ń mú ohùn agogo dùn

Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní fàdákà ni wọ́n yọ́ mọ́ ọn. Ìgbàgbọ́ yìí ti gbó ní Yúróòpù, ó sì dé Ọ́stríà, níbi tí ìdílé Grassmayr ti ń rọ agogo láti 1599. Habichen ní àfonífojì Ötz ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó lọ sí Innsbruck ní 1836, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà dòní. Kò sí fàdákà nínú iṣẹ́ náà. Nínú 100 kìlò idẹ agogo, bàbà tó nǹkan bíi 78 sí 80, tánganran ló kù.

Bàbà nìkan rọ̀. Tánganran rọ̀ jù ú lọ. Ẹ pò wọ́n pọ̀, wọ́n á le koko, ìró ò sì ní tètè kú nínú wọn. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀: bí tánganran bá kéré jù, ohùn á kú, bó bá lé ní 25, ahọ́n, ìyẹn irin tó ń lu agogo láti inú, á kàn án báyìí, agogo á fọ́ bí àwo. Fàdákà ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀kúnwọ́ owó fàdákà nínú tọ́ọ̀nù idẹ kan, etí ò ní mọ̀ ọ́n; bó bá sì pọ̀, idẹ á rọ̀ ni. Àwọn arọdẹ a máa pa á láwàdà pé ihò iléru tí àwọn olówó ń ju fàdákà sí, inú eérú ló já sí, ọ̀gá á sì wá ṣà á lálẹ́.

Ọmọ ìyá ìgbàgbọ́ yìí ni ti Pummerin, agogo ńlá ìlú Vienna, tí wọ́n ní ìbọn àgbá àwọn ará Túrkì ni wọ́n yọ́ rọ ọ́ ní 1711. Òótọ́ ni pé ìbọn àgbá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n idẹ ìbọn kì í ṣe idẹ agogo. Nǹkan bíi 10 nínú 100 ni tánganran rẹ̀. Kí 1,000 kìlò irú idẹ bẹ́ẹ̀ tó lè di 20 nínú 100, ẹ gbọ́dọ̀ fi 125 kìlò tánganran kún un. Iná 1945 ló fọ́ agogo yẹn. Àfọ́kù rẹ̀ ni wọ́n yọ́ ní St. Florian, ìlú kan ní Ọ́stríà, ti 1950 bàjẹ́, ti September 1951 ló yọrí, 20,130 kìlò.

Ìrísí ló ń fún agogo lóhùn. Níbi tí ahọ́n ti ń kàn án, ara rẹ̀ máa ń nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú 13 ìbú ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá sọ gbogbo ìwọ̀n di ìlọ́po méjì, ohùn á sọ̀ kalẹ̀ ní ọ́kítéfù kan (láti dò òkè sí dò ìsàlẹ̀), ìwúwo á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Bíríkì ni wọ́n fi ń mọ inú ohun tí wọ́n ń da idẹ sí kó lè di agogo, wọ́n á dá iná sí ihò àárín rẹ̀ kó lè gbẹ. Wọ́n á fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ ẹṣin àti irun ewúrẹ́ rẹ́ ẹ, pátákó tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ara agogo á máa yí po, á máa fá èyí tó lé. Lórí rẹ̀ ni agogo amọ̀ wà, pẹ̀lú lẹ́tà ìda lára. Lórí ìyẹn, ẹ̀wù amọ̀. Bó bá gbẹ, ìda á ti yọ́ lọ. Wọ́n á gbé ẹ̀wù sókè, wọ́n á fọ́ agogo amọ̀ dànù, wọ́n á dá ẹ̀wù padà: àlàfo yẹn ni idẹ ń wọ̀. Ẹ má fi ìgbẹ́ ẹṣin ṣẹ̀sín o. Koríko inú rẹ̀ ń jóná, ihò wínníwínní tó fi sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Wọ́n á ri ohun tí wọ́n fẹ́ da idẹ sí yìí lódindi sínú kòtò, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ kì í dáadáa. Bó bá dẹ̀, ìwúwo idẹ á gbé ẹ̀wù kúrò nípò. Tánganran ló ń wọ iléru kẹ́yìn, torí bó bá pẹ́ nínú iná, á jó lọ. Wọ́n ń da idẹ ní nǹkan bíi 1,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá tutù jù, lẹ́tà ò ní kún. Bó bá gbóná jù, inú idẹ á kún fún ihò. Bí amọ̀ bá sì lómi lára, omi á di oru, idẹ á tú sókè.

Agogo tó ń dún dáadáa tẹ́lẹ̀ tí ohùn rẹ̀ wá yí, ahọ́n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ ju idẹ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á là á. Bó bá ti gbẹ́ kòtò sójú kan lára agogo, wọ́n á tú agogo, wọ́n á yí i, kí ahọ́n máa kan ibi tuntun.